Àkàrà Tí Kò Láta

Ọkọ àǹtí mi kì í jẹ́ kéèyàn jẹun nírọ̀rùn. Bó o bá ti bu òkèlè báyìí, á ní, "Má tíì gbé e mì o. Báwo ló ṣe rí lẹ́nu?" Ó máa ń sú wa. Ìlú Kraków ní Poland ló ti kàwé, ibẹ̀ ló sì ti ń mú àwọn àlejò rìn káàkiri ìgboro àtijọ́, tí wọ́n á máa wo ilé, tí wọ́n á sì máa tọ́ oúnjẹ wò. Ó ní Ọ̀tà náà tó bẹ́ẹ̀.

Láyé Sáàpù, nígbà tí ètò ọrọ̀ ajé ìjọba mú kí owó náírà máa já wálẹ̀, àwọn òyìnbó díẹ̀ ṣì kù nílé-iṣẹ́ tó ti ń ṣe ẹnjiníà ní Sángo. Ó bẹ̀ wọ́n títí wọ́n fi gbà láti bá a rìn káàkiri Ọ̀tà ní Sátidé. Ó ní kí ìyá alákàrà kan ní Ìyànà Ìyesí má fata sí àkàrà ọjọ́ náà, nítorí ẹnu òyìnbó.

A dúró níbẹ̀ títí oòrùn fi mú. Dírẹ́bà ilé-iṣẹ́ nìkan ló dé.

"Ọ̀gá, wọ́n ti lọ sí éápọ́ọ̀tù. Wọ́n ní náírà ò lágbára mọ́, ilé-iṣẹ́ ti fẹ́ kógbá sílé."

"Wọn ò tiẹ̀ sọ fún mi!" Ó fi bàtà gbá òkúta.

Ìyá alákàrà ní, "Ẹnjiníà, ta lẹ rò pé ó máa ra àkàrà tí kò láta lọ́wọ́ mi l'Ọ́tà yìí?"

Ọkọ àǹtí mi jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó fa abọ́ àkàrà náà mọ́ra, ó ń fìbínú jẹ ẹ́. Omi ń dà lójú rẹ̀ bí ẹni tó jẹ ata.