Ẹ̀mú Tí Wọ́n Fi Gba Agbádá Mi Lọ́jọ́ Ìtọrọ Ìyàwó

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ bá mi gbọ́ ohun tójú mi rí ní Ìlá ní Sátidé tó kọjá.

Ọjọ́ yẹn la fẹ́ lọ tọrọ ìyàwó mi ní Ọ̀rà. Mo gun ọ̀kadà láti Ọ̀tan, mo wọ jẹ́sì bọ́ọ̀lù, torí agbádá mi wà lọ́dọ̀ Àlàájì télọ̀ ní Ìlá. Mo ní kí n wọ̀ ọ́ níbẹ̀, kí n sì kọjá.

Mo nawọ́ gba agbádá, Àlàájì fà á sẹ́yìn. Wọ́n ní ṣé ọmọ Ọ̀tan ni mí? Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, sà. Wọ́n ní ará Ọ̀tan kan yá áyọ́ọ̀nù eléèédú àwọn níjẹta, kò dá a padà. Kí ló wá kàn mí níbẹ̀?

Wọ́n ní òfin ọjà àtijọ́ ni. Bí ará ìlú kan bá gbé nǹkan oníṣòwò lọ, ará ìlú rẹ̀ tí wọ́n bá kọ́kọ́ rí lọ́jà ni wọ́n máa gba ẹrù lọ́wọ́ rẹ̀, títí nǹkan á fi padà. Ẹ̀mú nìyẹn. Mo ní Àlàájì, ayé ti lajú. Wọ́n ní ṣé áyọ́ọ̀nù wá ti dé?

Mo bẹ̀, mo bínú, mo tún dọ̀bálẹ̀. Àlàájì ká agbádá mi sórí àga, wọ́n jókòó lé e, wọ́n ń fa tẹ̀sùbáà. Wọ́n ní bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò aburú, hẹ̀rẹ̀-huru rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn lóru.

Bí mo ṣe wọ ilé àna mi pẹ̀lú jẹ́sì nìyẹn o. Bàbá ìyàwó ní ṣé bọ́ọ̀lù ni mo wá gbá? Wọ́n ní àwọn ò lè fọmọ fún ẹni tí ò ka àwọn sí. Mo yára ro ẹjọ́ mi.

Bí mo ṣe dárúkọ áyọ́ọ̀nù báyìí, Bàbá Kékeré, àbúrò bàbá mi tó ṣáájú ẹbí wa wá, bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Gbogbo ilé yíjú sí agbádá Bàbá Kékeré. Ìlà áyọ́ọ̀nù ara rẹ̀ lè gé iṣu! Bàbá Kékeré ní iná ò sí ní Ọ̀tan, kí làwọn ì bá ṣe?

Bàbá ìyàwó ní ẹ̀mú yẹn wà ní Ọ̀rà náà. Wọ́n ní kí Bàbá Kékeré bọ́ agbádá fún mi. Inú ẹ̀ ni mo ti dọ̀bálẹ̀, Bàbá Kékeré sì fi síńgílẹ́ẹ̀tì bá wa tọrọ ìyàwó. Wọ́n fún wa.

Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ni pé kẹ́ ẹ tó wọ ọjà ìlú míì, ẹ bèèrè ohun tí ará ilé yín gbé níbẹ̀. Ṣé irú ẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí yín rí? Ẹ sọ tiyín fún wa.

Bàbá Kékeré ò tíì dá áyọ́ọ̀nù padà, wọ́n ní ojú ń ti àwọn. Kò burú. Agbádá wọn ṣì wà lọ́rùn mi.