Làpálàpá Abẹ́ Ìbòrùn

Ọ̀yẹ́ ti kó ẹrù rẹ̀ lọ ní Ogbooro, oòrùn sì ń yan páànù ilé ẹ̀kọ́ bí ẹni ń yan àgbàdo, síbẹ̀ Mọ́ládé kò bọ́ ìbòrùn kúrò lọ́rùn. Olùkọ́ ni. Ibi tó bá lọ, ìbòrùn aláwọ̀ búlúù náà ń bá a lọ.

"Ìyá Faith," Ọ̀gbẹ́ni Muhydeen tí wọ́n jọ ń kọ́ ọmọ pè é láti ẹnu ọ̀nà, "ṣé ọ̀yẹ́ ṣì ku díẹ̀ nílé yín ni? Ẹ bù fún wa o, ooru fẹ́ pa wá níbí."

"Ẹ gbé abọ́ wá gbà á," Mọ́ládé dá a lóhùn.

Àwọn olùkọ́ yòókù rẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nígbà tó kọjú sí pátákó, ó ti ìka bọ abẹ́ ìbòrùn, ó yára họ ọrùn rẹ̀ bí ẹni ń jalè.

Ohun tó ń họ yẹn kò yẹ kó wà níbẹ̀ mọ́. Gbogbo ìjọ ló mọ̀ pé ó ti lọ.

Ṣáájú Kérésì ló kọ́kọ́ yọ sí i lọ́rùn, róbótó bí ẹnu ife, etí rẹ̀ ga díẹ̀, àárín rẹ̀ mọ́. Ó ń yún un débi tí kì í lè sùn. Ó lọ bá Pásítọ̀ Ìyápọ̀, wọ́n gbàdúrà fún un, wọ́n fún un ní òróró. Bó ṣe ń bọ̀ ló yà ní kẹ́mísì, oníkẹ́mísì sì na ìpara kan sí i. "Màmá, èyí kì í béèrè orúkọ àrùn. Gbogbo rẹ̀ ló ń pa." Láàárọ̀ òróró, lálẹ́ ìpara. Kò pẹ́ tí ọrùn fi ń dán. Lọ́jọ́ ìsinmi, Mọ́ládé dìde níwájú ìjọ, ó jẹ́rìí. Ó sọ ti àdúrà, ó sọ ti òróró. Ti ìpara kò tilẹ̀ wá sí i lẹ́nu. Ta ló ń dárúkọ ìpara níwájú Ọlọ́run? Ìjọ hó yèè, wọ́n jó.

Ìpara tán. Kò pẹ́ sígbà náà ni làpálàpá padà, ó sì mú ẹbí dání: ó gba ọrùn dé èjìká. Lọ́tẹ̀ yìí kò róbótó mọ́, ó kàn pọ́n, ó sì tàn kálẹ̀. Mọ́ládé ra ìpara mìíràn, làpálàpá lọ. Ó dáwọ́ ìpara dúró, làpálàpá tún dé.

Ṣé kó wá lọ sí ọsibítù? Ẹni tó ti jẹ́rìí? Pásítọ̀ tilẹ̀ ti ní kó múra láti tún ẹ̀rí náà jẹ́ fún àwọn àlejò níbi ìsọjí Àjíǹde. Bó bá kúnlẹ̀ lálẹ́, ó máa ń wí pé, "Baba, bó bá jẹ́ Ìwọ lo wò mí sàn, kí ni èyí? Bí kì í bá sì í ṣe Ìwọ, kí ni mo lọ sọ níwájú àwọn ènìyàn Rẹ?" Kì í gbọ́ nǹkan kan. Ó máa ń sọ "àmín" síbẹ̀, nítorí kò mọ ọ̀nà mìíràn tí èèyàn ń gbà dìde lórí eékún.

Ó wá di àárọ̀ ọjọ́ kan, ọmọbìnrin kan nínú kíláàsì rẹ̀, Success, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan gèlè orí rẹ̀. Mọ́ládé rọra tú u. Irun ti re kúrò lójú kan, ibẹ̀ wú rọ̀bọ̀tọ̀, ó ń ṣọyún. Ó ránṣẹ́ pe ìyá ọmọ náà, Àbíkẹ́, tí wọ́n jọ ń lọ sí ìjọ kan náà. Àbíkẹ́ ti oko ebè dé tòun ti erùpẹ̀ lẹ́sẹ̀.

"Ẹ fọkàn balẹ̀, Ìyá Faith," ló wí. "Òróró tẹ́ ẹ lò náà ni mo fi ń pa á. Nọ́ọ̀sì fún mi ní oògùn, mo dà á nù."

"O da oògùn nù?"

"Ṣé kí n wá máa ṣe méjì pọ̀ ni? Ẹ̀yin ò ṣáà ṣe méjì."

Mọ́ládé rọra dá gèlè padà sórí ọmọ náà. Nígbà tí ilé ẹ̀kọ́ parí, ó gba ọ̀dọ̀ Nọ́ọ̀sì Fọlákẹ́mi lọ ní ibùdó ìlera ìlú.

"Làpálàpá orí tó bá ti wú báyẹn ti kọjá ohun tí à ń fi nǹkan pa," Fọlákẹ́mi sọ fún un. "Bó bá pẹ́ sí i, ojú ibẹ̀ lè má hu irun mọ́ láéláé. Dókítà awọ ara kan máa ń ti Ìbàdàn wá sí ọsibítù kan ní Ṣakí lọ́jọ́ Ọjọ́rú. Ẹ bá mi bẹ Ìyá Success kó lọ." Ó wo ìbòrùn. "Ẹ̀yin náà, ẹ mú páálí ìpara yín dání. Dókítà máa bi yín."

"Ìpara wo?"

"Ìyá Faith," Fọlákẹ́mi wí jẹ́jẹ́, "ta ló ń fi ìbòrùn rìn nínú ooru yìí?"

Mọ́ládé bá Àbíkẹ́ níwájú ilé rẹ̀, tó ń ṣa ẹ̀gẹ́ tó sá sóòrùn. Ó bẹ̀ ẹ́ kó gbé ọmọ lọ sí Ṣakí lọ́jọ́ Ọjọ́rú, kò gbọ́.

"Ìgbàgbọ́ mi ò ní yẹ̀," Àbíkẹ́ wí. "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ rí i lára yín, ẹ̀yin lẹ tún wá ń sọ ti dókítà!"

Success jókòó sórí odó tí wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀, ó ń fọwọ́ lé eṣinṣin kúrò lórí. Mọ́ládé wò ó. Ó bọ́ ìbòrùn.

Àbíkẹ́ sún mọ́ ọn, ó wo ọrùn rẹ̀ dé èjìká. Lẹ́yìn náà ló ní, "Irọ́ lẹ pa fún wa?"

"Irọ́ kọ́. Mo lo òróró, mo sì lo ìpara. Èyí tí mo sọ, òótọ́ ni. Mo kàn sọ ọ́ dé àbọ̀."

"Ọmọ mi ló wá jẹ àbọ̀ kejì."

Àbíkẹ́ ju ẹ̀gẹ́ sílẹ̀, ó gbé ọmọ rẹ̀. "Lọ́jọ́ Ọjọ́rú náà, ẹ̀yin lẹ máa mú wa lọ."

Lọ́jọ́ Ọjọ́rú, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wọ bọ́ọ̀sì Ṣakí. Dókítà Ramlah, obìnrin tín-ín-rín kan tó wọ híjáàbù, kọ́kọ́ tọ́jú orí ọmọ. Oògùn mímu ló fún un, ó sì ní irun ṣì lè hù, nítorí wọn ò jẹ́ kó pẹ́ jù báyìí lọ. Kí wọ́n má ṣe jọ lo gèlè tàbí aṣọ kankan, kí wọ́n má jọ lo ìyarun. Ó wá gba páálí ìpara Mọ́ládé, ó mi orí.

"Àpòpọ̀ ni èyí. Ó ń pa yíyún lẹ́nu mọ́, ara á dán, ẹ ó rò pé ó ti tán. Làpálàpá fúnra rẹ̀ sì ń jẹun lọ nísàlẹ̀."

"Dókítà, òróró àdúrà ńkọ́? Ṣé ó bà á jẹ́ ni?"

"Rárá, màmá. Òróró ò ṣe nǹkan kan."

Dókítà fún un ní oògùn tirẹ̀. Mọ́ládé ò mọ̀ bóyá kí òun yọ̀ ni àbí kí òun sunkún.

Nínú bọ́ọ̀sì ìpadàbọ̀, eruku pupa ń wọlé. Àbíkẹ́ tí kò bá a sọ̀rọ̀ láti àárọ̀ na ọwọ́. "Ẹ mú ìbòrùn yẹn wá kí n fi bo ọmọ."

"Dókítà ní ká má jọ lo aṣọ."

Àbíkẹ́ wo ìbòrùn, ó wo Mọ́ládé, ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu rẹ̀ láìròtẹ́lẹ̀. "Ẹ tètè lọ sè é, ẹ jọ̀ọ́. Ìbòrùn yín yìí ti ṣe wá tó."

Mọ́ládé dì í sínú ọ̀rá, ó sì sọ̀kalẹ̀ ní Ogbooro pẹ̀lú ọrùn lásán. Pásítọ̀ Ìyápọ̀ wà níwájú ilé ìsìn, wọ́n ń to àga. Wọ́n rí ọrùn rẹ̀.

"Ìyá Faith, kí ló dé?"

"Ó padà, sà. Ó ti pẹ́ tó ti padà. Ọ̀dọ̀ dókítà ni mo ti ń bọ̀." Ó na ọ̀rá oògùn sí wọn. "Ẹ bá mi gbàdúrà sí i kí n tó lò ó."

"Ẹ̀rí ọjọ́ ìsọjí ńkọ́?"

"Màá jẹ́ ẹ, sà. Tòun ti ìpara."

Pásítọ̀ wo oògùn, wọ́n wo ọrùn, wọ́n gbé àga ọwọ́ wọn sílẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń na ọwọ́ bọ̀ ni Àbíkẹ́ gbé oògùn Success lé ti Mọ́ládé lórí.

"Tiwa náà rèé, sà," ló wí. "Èyí, a ò ní dà á nù."