Ohun Tí Ìyá Mi Ń Pè Ní Àmù

Mo kéré gan-an nígbà tí mo kọ́kọ́ mọ ohun tí à ń pè ní àmù. Orí mi kò tíì ga ju ẹnu rẹ̀ lọ. Ìkòkò amọ̀ ńlá ni, tí a fi ń tọ́jú omi mímu. Ti ìyá mi wà ní igun ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa, lẹ́yìn Artisan Market ní Enugu. A rì í dé ìdajì sínú iyanrìn kí omi rẹ̀ lè máa tutù. Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń fi eyín já ọ̀rá omi lónìí, ẹ kò lè mọ bí omi náà ṣe ń rí lọ́nà ọ̀fun.

Ìyá ìyá mi ló fún un ní àmù náà ní Ìlọrin, nígbà tó ń bọ̀ wá bá bàbá mi ní Enugu. Àárín ẹsẹ̀ rẹ̀ ló gbé e sí nínú ọkọ̀ títí dé Ninth Mile, lẹ́bàá Enugu.

Bàbá mi fẹ́ràn àtimáa tú ìdí ọ̀rọ̀. Ó ní inú “mu” ni orúkọ náà ti jáde, pé ohun tí a ti ń bu omi mu ni. Télọ̀ kan, ará Ọ̀yọ́, tí yàrá rẹ̀ kọjú sí tiwa, kì í gbà fún un.

“Ìṣà la ń pè é ní tiwa,” ni télọ̀ á wí. “Ẹ̀yin ará Ìlọrin, ẹ kì í fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀ bí ẹ ṣe bá a.”

“Bu omi rẹ mu kí o máa lọ,” ni bàbá mi á fún un lésì. “Ẹni tí kò ní ìkòkò kì í sọ ìkòkò lórúkọ.”

N kò mọ ẹni tó jàre nínú wọn títí di òní, n kò sì ní parọ́ fún yín.

Lẹ́yìn náà ni ìyá ìyá mi kú. Mùsùlùmí ni wá, a kì í fi òkú pamọ́. Kí ìròyìn tó dé Enugu, wọ́n ti sin ín, wọ́n ti ṣe àdúà fídáù rẹ̀ pàápàá. Ìyá mi kò rí ojú rẹ̀. Láti ìgbà náà, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọ àmù yẹn mọ́ àfi òun. “Ohun tó kù fún mi lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn,” ló sọ fún wa.

Kò pẹ́ sí i, onílé ní kí a kó jáde. Bàbá mi bẹ ìyá mi pé kí ó jẹ́ kí a da omi inú àmù nù ṣáájú, kí amọ̀ àti iyanrìn lè gbẹ kí a tó hú u. Ó kọ̀. Lọ́dọ̀ àwọn tó bí i, a kì í jẹ́ kí àmù gbẹ nínú ilé tí ènìyàn ṣì ń gbé; ilé ahoro ni àmù ti ń gbẹ.

“Ṣé mo ti kú ni?” ló bi í.

Omi wà nínú rẹ̀ títí di àárọ̀ tí ọkọ̀ akẹ́rù dé. Wọ́n wá bu omi náà kúrò, bàbá mi àti télọ̀ sì gbẹ́ iyanrìn ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

“Dì í létí mú,” ni bàbá mi wí.

“Ẹ̀gbọ́n, àmù wo ló létí? Ẹnu ló ní, bíi tiyín.”

A rẹ́rìn-ín. Wọ́n gbé e. Ẹnu àmù bọ́ sí wọn lọ́wọ́ bí ìgbà tí ènìyàn já búrẹ́dì tó ti rẹ sómi; ara rẹ̀ tó kù là sínú iyanrìn.

Ìyá mi wò ó.

“Ẹ jẹ́ ká máa kó ẹrù,” ló wí. Kò mú àpáàdì kan nínú rẹ̀.

Ní ilé tuntun, bàbá mi ra dúróòmù onírin, ó fọ̀ ọ́ dáadáa, ó ní àmù tuntun rè é o. “Ohun bàbá yín” ni ìyá mi ń pè é: “Ẹ lọ bu omi nínú ohun bàbá yín wá.” Àwa ọmọ kò jẹ́ dárúkọ àmù lójú rẹ̀, kí ó má baà sunkún. Kò kúkú sunkún rí. Ó ń dáná, ó ń kírun, ó ń fọ aṣọ wa, bí ẹni tí kò sí nílé.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ó ń se ẹ̀wà, ó pè mí.

“Bá mi bu omi nínú àmù wá, kíá.”

Bàbá mi gbójú sókè níbi tó jókòó sí. Mo sáré bu omi nínú dúróòmù, ìyá mi gbà á, ó dà á sínú ẹ̀wà, ó sì da ọmọrí dé ìkòkò. Inú mi dùn. Mo rò pé ìbànújẹ́ rẹ̀ ti tán.

Trans-Ekulu, ní Enugu kan náà, ni mo ń gbé báyìí. Tánkì rọ́bà dúdú ló wà lẹ́yìn ilé mi, ọkọ̀ tó ń gbé omi wá láti Ninth Mile ló ń rọ omi kún un. Mo fi àgádágodo ti ìdérí rẹ̀ nítorí àwọn ọmọ, mo sì ń lọ fọwọ́ kàn án láràárọ̀ bóyá ó ṣì tì. Mo ń se omi rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó mu ún. Àmù ni mo ń pè é.

“Mọ́mì, na tánkì be dis o,” ni àbíkẹ́yìn mi wí. “Wetin be àmù?”

“Yorùbá tánkì ni,” ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dá a lóhùn.

N kò tún un ṣe. Ayé ti yí: amọ̀ di irin, irin di rọ́bà, ọ̀rọ̀ kan náà ló sì ń bá wa kó láti ilé dé ilé. Tí mo bá ń pe tánkì yìí ní àmù, kò sí ohun tó ń mì nínú mi. Bóyá ìdí nìyẹn tí ọ̀sán ọjọ́ tí ìyá mi ń se ẹ̀wà fi wá yé mi. Ìbànújẹ́ ìyá mi kò tán. Ẹ̀wà ló fẹ́ jóná, omi ló sì ń wá; àmù ni orúkọ tó kọ́kọ́ bọ́ sí i lẹ́nu.