Àpáàdì tí Mobọ́lá Dàda Bá ní Ìlógbò

Ní ọdún 2002, ọdún kẹta tí Mobọ́lá Dàda fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, ṣọ́ọ̀ṣì bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ ìpìlẹ̀ gbọ̀ngàn tuntun ní Ìlógbò. Ṣọ́ọ̀ṣì tirẹ̀ ni. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ṣe ìrìbọmi fún un, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ṣe ìsìn òkú ọkọ rẹ̀.

Mobọ́lá ni akọ̀wé ẹgbẹ́ kékeré kan tó ń wádìí ìtàn àti ohun àtijọ́ àríwá Èkìtì. Àwọn mọ́kànlá ni wọ́n, kíláàsì kan ní Ìdó ni wọ́n ti ń ṣèpàdé lóṣooṣù. Àwọn ará ìlú máa ń bi í léèrè pé kí ló fẹ́ fi ògiri tó ti wó ṣe.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, bó ti ń kọjá lọ sí oko, ó rí àpáàdì nínú kòtò ìpìlẹ̀ náà. Kì í ṣe àfọ́kù ìkòkò tí wọ́n kàn dà nù. Wọ́n tò ó lóòró, etí sí etí, ó sì tẹ́ lọ gbalaja. Ó bọ́ bàtà, ó sọ̀ kalẹ̀ sínú kòtò, ó ní kí àwọn òṣìṣẹ́ dúró ná.

Wọ́n ránṣẹ́ pe Festus Ọládèjì, alága ìgbìmọ̀ ìkọ́lé.

“Tíṣà, àpáàdì ṣáà ni,” ni Festus wí. “Èwo ni kò sí lẹ́yìn ilé wa?”

“Àpáàdì ẹ̀yìn ilé kì í to ara rẹ̀, Bọ̀ọ̀dá.”

“Bíṣọ́ọ̀bù ń bọ̀ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta wá fi òkúta ìpìlẹ̀ lélẹ̀.”

“Ẹ fún mi ní ọjọ́ mẹ́ta.”

“N kò ní ọjọ́ kan tí mo lè fún ẹ.”

Mobọ́lá kò bá a jà. Ó lọ sílé, ó gbé àpótí ìjókòó, ìgbálẹ̀, okùn, rúlà àti ìwé àjákọ, ó padà wá jókòó sínú kòtò. Ó ti kọ́ méjì nínú àwọn òṣìṣẹ́ náà ní ìwé kíkà nígbà tí wọ́n wà lọ́mọdé. Wọn kò lè gbé ṣọ́bìrì sókè níwájú rẹ̀. Ó ń gbálẹ̀, ó ń wọn ibi gbogbo, ó ń yà á sínú ìwé. Òjò pa á lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ó fi ọ̀rá bo ìwé, kò dìde.

Lọ́jọ́ náà ni obìnrin mẹ́ta nínú ẹgbẹ́ akọrin kọjá láìkí i. Ó gbọ́ tí ọ̀kan ní, “Ó ń dí iṣẹ́ Olúwa lọ́wọ́.” Ìyẹn dùn ún wọra. Kò lè jẹun nígbà tó délé.

Lọ́jọ́rú, ó lọ mú Ìyá Àbẹ̀ní wá, arúgbó tó ti sún mọ́ àádọ́rùn-ún ọdún. Festus náà wà níbẹ̀. Màmá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo ilẹ̀ títí.

“Ulé kò sí ibí yìí rí,” ni ó wí. “Ojúde ni. Ìyá ìyá mi ní àwọn obìnrin ló to àpáàdì yìí, kí òjò má baà wọ́ ilẹ̀ lọ. Festus, ìyá tó bí bàbá rẹ wà lára ìran àwọn tó tò ó.”

Festus yíjú sí Mobọ́lá.

“Ibo ló parí sí?”

Ó ṣí ìwé rẹ̀ hàn án. Bí wọ́n bá sún gbọ̀ngàn náà ní ẹsẹ̀ bàtà méjìlá sí ìhà igi máńgòrò, kò ní kan èyí tó kù. Festus pe bíríkìlà, àwọn méjèèjì sì fa okùn tuntun.

Ìdajì àpáàdì náà ti bàjẹ́ kí Mobọ́lá tó débẹ̀. Kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè ṣe sí ìyẹn. Ó ṣa àfọ́kù rẹ̀ sínú agbada mẹ́rin. Bíṣọ́ọ̀bù fi òkúta ìpìlẹ̀ lélẹ̀ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, níbi tuntun náà, Mobọ́lá sì wà lára àwọn tó kọrin.

Kí ọdún tó parí, Festus ti ń mú àlejò láti Èkó àti Ìbàdàn yí ibẹ̀ ká, ó ń sọ ọ́ bí ẹni pé òun ló rí i. Wọ́n sọ fún Mobọ́lá. Ó ní kí wọ́n jẹ́ kó máa sọ ọ́, kó ṣáà máa sọ ọ́ bó ti rí. Wọ́n ti sọ fún un pé yàrà odi àtijọ́ kan wà ní Ayébọ̀dé, ó sì ń wá ẹni tí yóò mú un débẹ̀.