Kóìnì Mi àti Òkúta Màmá Àgbà

Wọ́n sì tún ń sọ pé ó yẹ kí n dákẹ́! Kí n dákẹ́ báwo? Ẹni tó jí nǹkan mi ò dákẹ́, òun ló tún ń halẹ̀ mọ́ mi, èmi tí wọ́n jà lólè ni kí n wá fọwọ́ bo ẹnu. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin sọ ọ́, àwọn tá a jọ ń tajà sọ ọ́, kódà ẹni tó ń ta káàdì fóònù ní ìkóríta wa, tí ò mọ ohun tó ń jẹ́ kóìnì, òun náà ní, "Àǹtí, ẹ fi í sílẹ̀ fún Ọlọ́run." Mi ò fi í sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀ kẹ́ ẹ tó dá mi lẹ́bi.

Irun ni mo ń dì. Iwájú ilé ẹ̀gbọ́n mi ní Òjòwò, níbí ní Ìjẹ̀bú-Igbó, ni mo ti ń dì í, lábẹ́ páànù. Tíṣà ni ẹ̀gbọ́n mi, òun ló tọ́ mi. Nígbà tí oníbàárà ò bá wá, géèmù bọ́ọ̀lù orí fóònù ni mo fi ń lé oorun lójú. Kò sẹ́ni tó kọ́ mi. Tó o bá gbá a tó o borí, géèmù á fún ọ ní kóìnì, kóìnì yẹn lo máa fi ra agbábọ́ọ̀lù tó dáa sínú tíìmù rẹ. Àwọn kan ò wá ní sùúrù láti gbá a. Owó gidi ni wọ́n fi ń ra kóìnì lọ́wọ́ ẹni tó ti gbá a jọ. Èmi lẹni tó ti gbá a jọ.

Ẹ wo ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ tà. Bọ́ọ̀lù tí kò sí. Pápá tí kò sí. Góòlù tẹ́nikẹ́ni ò fẹsẹ̀ gbá wọlé. Àmọ́ álàátì wọlé, mo sáré lọ ra búrẹ́dì, búrẹ́dì náà sì gbóná! Mo gbé e dání, mo ń wò ó bí ẹni ń wo ọmọ tuntun.

"Kí ló wà lára búrẹ́dì?" Ẹ̀gbọ́n mi ló bi mí bẹ́ẹ̀.

"Afẹ́fẹ́ ni mo fi rà á, Àǹtí mi."

"Afẹ́fẹ́ tí ọlọ́pàá máa fi gbé ọ nìyẹn. Ṣé kì í ṣe jìbìtì báyìí?"

"Mo ṣiṣẹ́ fún un!"

"Kéèyàn máa tẹ fóònù, ìyẹn niṣẹ́?"

"Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń fi ṣọ́ọ̀kì ha pátákó ńkọ́?"

Ó rẹ́rìn-ín. Òun náà ló bu èyí tó tóbi jù nínú búrẹ́dì afẹ́fẹ́.

Bá a ṣe ń gbé kóìnì fún ara wa ló máa ń pa mí lẹ́rìn-ín. O ò lè nà án sí èèyàn tààrà. Ọjà kan wà nínú géèmù tí wọ́n ti ń ta agbábọ́ọ̀lù. Oníbàárà á gbé agbábọ́ọ̀lù tí ò wúlò rárá síta, á ní kóìnì rẹpẹtẹ lòun máa gbà lórí ẹ̀. Èmi á rà á. Agbábọ́ọ̀lù játijàti wọ tíìmù mi, kóìnì mi wọ ọwọ́ oníbàárà, oníbàárà á wá san owó gidi sí báńkì mi. Bí tíìmù mi ṣe kún fún arúgbó àti ọ̀lẹ nìyẹn, tí mo sì ń fi wọ́n jẹun.

Àmọ́ ẹ gbọ́ o: àwọn tó ni géèmù ò fẹ́ ká tà á. Òfin wọn ni. Tí wọ́n bá mọ̀, wọ́n á ti àkáántì géèmù yẹn pa, tòun ti kóìnì inú ẹ̀. Gbogbo àwa tá à ń tà á la mọ̀. Ọdún méjì gbáko ni mo fi gbá àkáántì tèmi dé ibi tó dé. Òun ni ṣọ́ọ̀bù mi. Mi ò ní òmíràn.

Gúrúùpù kan wà lórí fóònù tá a ti ń tà á. Gbogbo àwọn tó kù ń gba owó kí wọ́n tó gbé kóìnì. Èmi, kóìnì ni mo kọ́kọ́ ń gbé. Wọ́n fi mí ṣẹ̀sín títí.

"Ìyá Olóore! Ṣé ṣọ́ọ̀ṣì lo fẹ́ dá sílẹ̀ ni?"

Kóìnì náà ni mo ṣì ń kọ́kọ́ gbé. Mo mọ ibi tí mo ti rí i.

Màmá mi àgbà ń gbé ní Ogun Waterside, lápá ibi tí ọ̀nà ti ń tán tí omi ti ń bẹ̀rẹ̀. Ọ̀pẹ̀-òyìnbó ni wọ́n ń gbìn. Wọn kì í jókòó tà á. Wọ́n á tò ó sórí ewé létí ọ̀nà tó lọ sí èbúté, ibi tí àwọn ọlọ́kọ̀ ojú omi ń gúnlẹ̀ sí, wọ́n á wá to òkúta síwájú ẹ̀. Òkúta kan, igba náírà. Òkúta mẹ́ta, ẹgbẹ̀ta náírà. Agolo kan wà níbẹ̀ fún owó. Wọ́n á yíjú padà, ó di oko. Kí oòrùn tó wọ̀, ọ̀pẹ̀-òyìnbó ti tán, owó wà nínú agolo. Láti kékeré ni mo ti ń rí i, síbẹ̀ kò yéé yà mí lẹ́nu. Mo rí apẹja kan rí, ọkùnrin tó tóbi, kò sẹ́ni tó ń wò ó lójú tiẹ̀, ó fi owó sínú agolo, ó tún tẹríba wẹ́rẹ́ kó tó gbé ọjà, bí ẹni pé àgbà ni òkúta náà. Èmi wà lẹ́yìn igi. Mo rí gbogbo ẹ̀.

Torí náà nígbà tí èmi náà bẹ̀rẹ̀ sí í tajà fún ẹni tí mi ò rí, mo ní bí wọ́n ṣe ń ṣe é nílé wa nìyẹn. Gbé ọjà kalẹ̀. Owó á wá. Ọdún kan ààbọ̀, owó ń wá! Àwọn oníbàárà ń fi mí han ara wọn, àwọn kan nínú àwọn tó ń fi mí ṣẹ̀sín tiẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bíi tèmi.

Ọmọkùnrin kan wá dé sí gúrúùpù. Ó ní ọmọ fásitì lòun, Àgọ́-Ìwòyè lòun ń gbé. Ohùn ẹ̀ tutù bí omi àmù. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ̀yin lẹ yàtọ̀ nínú gbogbo wọn." Ó rà á lẹ́ẹ̀mẹta, ó sanwó lẹ́ẹ̀mẹta, kíá kíá. Ìgbà kẹrin, ó ní gbogbo kóìnì tó wà lọ́wọ́ mi lòun fẹ́. Ó gbé gólì kan síta, gólì tí ò lè mú bọ́ọ̀lù tí wọ́n bá gbé lé e lọ́wọ́. Mo rà á. Kóìnì mi lọ.

Mo retí álàátì. Ó ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì báńkì ni. Lọ́jọ́ kejì, ó ní kí n ní sùúrù. Lọ́jọ́ kẹta, ó fi ohùn ránṣẹ́, ohùn tútù yẹn náà:

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ gbàgbé ẹ̀. Ta lẹ fẹ́ fẹjọ́ mi sùn? Gbogbo ọ̀rọ̀ tá a jọ sọ ni mo ní àwòrán ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá fi lè sọ̀rọ̀ ní gúrúùpù, màá fi ránṣẹ́ sáwọn tó ni géèmù. Wọ́n á ti àkáántì yín pa kílẹ̀ tó ṣú. Ẹ dákẹ́, kẹ́ ẹ rí nǹkan mú dání."

Orí oníbàárà kan ni mo wà, mo ti dì í dé ìdajì. Mo sọ kóòmù sílẹ̀. Mo fò sórí ọ̀kadà, a gba Orù, a gba Awà, ó di Àgọ́-Ìwòyè. Ìbínú ni, mi ò tiẹ̀ ronú. Mo sọ̀ kalẹ̀ létí fásitì, mo wá dúró. Mi ò mọ ilé ẹ̀. Mi ò mọ ojú ẹ̀. Àwòrán kìnnìún ló wà níbi tó yẹ kí ojú ẹ̀ wà! Àwọn ọmọ ń kọjá lọ, wọ́n ń kọjá bọ̀, ọ̀pọ̀ yanturu, gbogbo wọn ń tẹ fóònù. Òun lè jẹ́ ẹnikẹ́ni nínú wọn. Ó tiẹ̀ lè má sí níbẹ̀ rí. Ẹ̀rù bà mí, kì í ṣe ẹ̀rù pé wọ́n á lù mí o, ẹ̀rù bí ayé ṣe fẹ̀ tó. Ọ̀kan nínú wọn kí mi, "Ẹ káàsán mà," díẹ̀ ló kù kí n gbá a létí.

Nígbà tí mo padà dé, oníbàárà mi ṣì jókòó pẹ̀lú irun ìdajì.

"Ṣé o ti pa á?"

"Mi ò rí i."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Wá parí orí mi."

Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n dákẹ́. "O ṣì ní àkáántì. Wàá gbá òmíràn jọ. Ta ló ń fi ẹnu ara ẹ̀ ti ṣọ́ọ̀bù ara ẹ̀ pa?" Mo bi méjì nínú àwọn tá a jọ ń tajà, wọ́n ní bẹ́ẹ̀ náà. Mo fẹ́ẹ̀ gbà. Àmọ́ lọ́jọ́ Jímọ̀, mo rí ọmọ yẹn ní gúrúùpù, pẹ̀lú kìnnìún ẹ̀, ó ń bá ẹlòmíràn sọ̀rọ̀: "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ̀yin lẹ yàtọ̀ nínú gbogbo wọn." Ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀ yẹn wà lára àwọn tó kọ́ lára mi pé kóìnì ni kéèyàn kọ́kọ́ gbé. Wọ́n ti fàdéhùn sí ọjọ́ kejì.

Lọ́jọ́ kejì yẹn, ilẹ̀ ń mọ́ bọ̀ ni mo wọ mọ́tò lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde, mo tún wọ òmíràn lọ sí Waterside. Màmá àgbà wà létí ọ̀nà, wọ́n ń to òkúta. Mo sọ gbogbo ẹ̀ fún wọn. Mo rò pé kóìnì ò ní yé wọn. Ó yé wọn kí n tó sọ̀rọ̀ tán.

"O gbé ọjà kalẹ̀, ó gbé e lọ, kò sanwó."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Ṣebí ẹ̀yin ni mo wò ṣe!"

"Hẹn? Èmi ni mo jí i?"

"Ẹ má bínú, mà. Ṣé wọn ò jí tiyín rí ni? Àbí òkúta yìí ni wọ́n ń bẹ̀rù?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí ìdodo wọn fi mì. "Òkúta? Ṣé òkúta mọ ilé ẹnikẹ́ni? Ojú ni wọ́n ń bẹ̀rù. Ọ̀nà kan ṣoṣo ló lọ sétí omi. Ẹni tó bá jí i lónìí, ibí yìí náà ló máa gbà kọjá lọ́la. Ọ̀nà tìẹ ńkọ́? Mélòó ni?"

Ọ̀nà inú fóònù ò lóǹkà. Èèyàn á bọ́ orúkọ ẹ̀ bí ẹni bọ́ ẹ̀wù, á gba ibòmíràn wọlé. Ọdún méjì ni mo fi wà nínú ẹ̀, mi ò rò ó bẹ́ẹ̀ rí. Obìnrin tí ò ní fóònù rí i láàárín ìgbà tí wọ́n fi ń to òkúta mẹ́ta.

Wọ́n wá sọ pé wọ́n jí tàwọn náà rí, lẹ́ẹ̀kan. Wọn ò pariwo, wọn ò ṣépè. Wọ́n to òkúta sílẹ̀ bó ṣe máa ń wà, wọ́n gbé agolo tì í, àmọ́ wọn ò gbé ọjà kankan síbẹ̀. Ewé lásán. Ẹni tó bá ń kọjá á ní, "Ìyá, ọjà dà?" Wọ́n á ní, "Ẹni kan ti gbé e." Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìlú ń kọjá, ìlú ń wo ewé lásán. Lọ́jọ́ kẹrin, owó wà nínú agolo, ẹja yíyan kan wà lórí ewé. Títí dòní wọn ò mọ ẹni náà.

"Mi ò ṣe é torí owó mi," wọ́n ní. "Ẹni tó bá ń bọ̀ wá tajà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ló yẹ kó mọ̀ pé ẹni kan ti gbé e."

Mo rìn lọ sí èbúté, ibẹ̀ ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti dáa. Mo kọ gbogbo ẹ̀ sí gúrúùpù. Mo gbé ohùn ọmọ yẹn síbẹ̀, ìhàlẹ̀ àti gbogbo ẹ̀. Ọwọ́ mi dúró lókè díẹ̀, mo ronú kan ṣọ́ọ̀bù mi. Mo tẹ̀ ẹ́.

Fóònù pariwo bí ẹyẹ. Ẹni tó fẹ́ gbé kóìnì fún un lọ́jọ́ yẹn kọ̀wé pé, "Ọwọ́ mi ti wà lórí ẹ̀ o! Gólì kan ló gbé síta!" Gólì yẹn náà! Àwọn méjì míì ní àwọn mọ ohùn yẹn, àwòrán ẹkùn ló wà lórí ẹ̀ nígbà tó jí tàwọn. Àwọn èèyàn tí mi ò mọ ìlú wọn, gbogbo wọn dúró lẹ́ẹ̀kan náà, bí ìgbà tí gbogbo wọn bá kọjá létí ewé lásán. Omi ń lọ níwájú mi. Mi ò rí irú ẹ̀ rí.

Oòrùn ò tíì wọ̀ nígbà tí mo ṣí géèmù. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé àwọn ti ti àkáántì yìí pa; ọmọ yẹn ti ṣe ohun tó ló máa ṣe. Arúgbó mi, ọ̀lẹ mi, gólì tí ò lè mú bọ́ọ̀lù, ọdún méjì, kò sí ìkankan tó ṣẹ́ kù. Ohun tó tóbi tó bẹ́ẹ̀ lọ, kò sì dún rárá. Mo gbé fóònù fún màmá àgbà. Wọ́n wò ó, wọ́n yí i wò lẹ́yìn.

"Gbogbo ẹ̀?"

"Gbogbo ẹ̀, mà."

"Ẹni tó kọ́ ọ lára rẹ ńkọ́? Ọjà tiẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹ̀?"

"Ó wà lọ́wọ́ ẹ̀."

Wọ́n dá fóònù padà fún mi, wọ́n ní kí n wá bá àwọn ka owó inú agolo. Ó pé.

Irun nìkan ni mo ń dì báyìí. Ẹ̀gbọ́n mi ṣì ń sọ ọ́ tó bá rí i pé kò sí oníbàárà: "O ò bá ti dákẹ́." Ó dáa, ẹ̀yin tẹ́ ẹ kà á dé ibí, ẹ fi ara yín sí èbúté yẹn, pẹ̀lú ṣọ́ọ̀bù yín nínú àtẹ́lẹwọ́, kẹ́ ẹ sì mọ̀ pé ara yín ni ẹlòmíràn ti kọ́ kéèyàn máa kọ́kọ́ gbé ọjà. Ẹ sọ òótọ́ fún mi: ṣé ẹ̀yin á ti dákẹ́?