Ọkọ̀ Tí Kò Gbọdọ̀ Mì

Bí o bá gbé ọkọ̀ rẹ lọ sọ́dọ̀ Gbọingbọin, má retí pé ẹ́ńjìnnì ni yóò kọ́kọ́ wò. Ife ni yóò kọ́kọ́ mú. Ife funfun kan wà lórí pẹpẹ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, etí rẹ̀ ti kán, kò sì sí ẹni tó gbọdọ̀ fi mu nǹkan kan. Yóò bu omi kún un dé ẹnu, yóò gbé e lé orí bọ́nẹ́ẹ̀tì, yóò wá fi ọwọ́ méjèèjì ti imú ọkọ̀ náà mọ́lẹ̀. Bí omi bá dà, ọkọ̀ rẹ ń ṣàìsàn nìyẹn. Kò sì ní í fi í sílẹ̀ títí omi yóò fi dúró jẹ́ẹ́ nínú ife.

"Ọkọ̀ tó bá ń mì, ọ̀tá ni," ló máa ń wí. "Ọkọ̀ gbọ́dọ̀ dúró gbọin-gbọin."

Ibẹ̀ ni orúkọ náà ti wá. Àwọn oníbàárà ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ó sì gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Ká má parọ́, iṣẹ́ rẹ̀ dára. Àwọn abiyamọ tó ń gbé ọmọ ọwọ́, àwọn àgbàlagbà tí ẹ̀yìn ń dùn, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni gbogbo wọn ń gbé ọkọ̀ wá. Ọkọ̀ tí ọwọ́ rẹ̀ bá ti kàn, o lè gbé e gba ọ̀nà oníkòtò kí èrò inú rẹ̀ máa hanrun lọ.

Ọkọ̀ kan ṣoṣo ló borí rẹ̀, inú ọgbà ilé rẹ̀ ni ọkọ̀ ọ̀hún sì wà. Àwọ̀ ojú ọ̀run ni wọ́n kùn ún, ìyàwó rẹ̀ ló sì ń fi í sáré.

Ìyá Ìbejì, ìyàwó rẹ̀, awakọ̀ bọ́ọ̀sì ilé-ìwé ni. Láti ọjọ́ Ajé títí di ọjọ́ Ẹtì, ìrìn ìgbín ló ń rìn, nítorí ọmọ ọlọ́mọ ló kó sẹ́yìn. Bí ó bá wá di Sátidé, á ní ẹsẹ̀ ń yún òun. Pápá ọkọ̀ òfurufú kan tí wọn ò lò mọ́ wà lẹ́yìn ìlú, ibẹ̀ ni òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń sáré. Ọkọ̀ méjì á dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, iná á yí sí àwọ̀ ewé, wọn á sì fò lọ tààrà dé òpin. Kò sí kọ́nà, kò sí pé à ń yà síbì kan. Kí o tó rí ibi jókòó sí, ó ti parí. Nínú irú eré bẹ́ẹ̀, bí ọkọ̀ bá ṣe kúrò lójú kan ni gbogbo ọ̀rọ̀.

Kíkúrò lójú kan yẹn gan-an ni ọkọ̀ wọn ò mọ̀. Bí iná bá ti yí, táyà ẹ̀yìn á bẹ̀rẹ̀ sí í yí lófo, á máa han goooro, èéfín á bo ibi gbogbo. Oníbúrẹ́dì á ti lọ ní tirẹ̀. Ọkùnrin kúkúrú kan ni, tó ń kó búrẹ́dì kiri láàárọ̀, tó sì ní ọkọ̀ pupa kan tó ń fi ṣe fújà ní Sátidé. Bí èéfín bá fi máa ṣí, ìdí ọkọ̀ pupa ni Ìyá Ìbejì á máa wò lọ́ọ̀ọ́kán.

Kì í ṣe pé Gbọingbọin ò gbìyànjú. Ó ra táyà tó fẹ̀ jù lọ, ó fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i títí ó fi le bí òkúta. Ó fi sípíríǹgì líle sí iwájú, ó fún ṣọ́kì pinpin kí ọkọ̀ má baà jó sókè sódò, ó sì de ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì pọ̀ mọ́ irin kan. Bí ó bá gbé ife lé bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ náà, omi inú rẹ̀ kì í mira rárá. Ọkọ̀ náà dúró bíi tábìlì. Ta ló wá rí tábìlì tó ń sáré rí?

Ní ọjọ́ Àìkú kan, lẹ́yìn tí Oníbúrẹ́dì ti tún nà wọ́n bí ẹní na aṣọ òfì, tọkọtaya náà dúró nídìí àwo, ìyàwó ń fọ̀, ọkọ ń nù.

"Bàbá Ìbejì."

"Mò ń gbọ́."

"Tí ọkọ̀ yìí bá tún jó lójú kan ní Sátidé tó ń bọ̀, màá gbé e lọ bá Onígíláàsì."

Àwo fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lọ́wọ́ Gbọingbọin. Onígíláàsì ni mẹkáníìkì òdìkejì ọ̀nà, òun ló sì ń tún ọkọ̀ Oníbúrẹ́dì ṣe. Ènìyàn jẹ́jẹ́ ni, kì í bá ẹnikẹ́ni jà, gbogbo ayé ló ń kí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ohun tí Gbọingbọin ò fi fẹ́ rí i sójú nìyẹn.

"Èmi mẹkáníìkì, kí ìyàwó mi gbé ọkọ̀ lọ bá mẹkáníìkì?"

"Ẹ má bínú o. Ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èèkù ara ẹ̀."

"Kí làwọn èèyàn máa wí?"

"Èyí tí wọ́n ń wí báyìí náà ni. Wọ́n ní èéfín tèmi nìkan ti tó yan ẹja fún gbogbo pápá."

Gbọingbọin ò rẹ́rìn-ín. Ó dùn ún wọ eegun. Ẹ̀sín kọ́ ló ń bà á lẹ́rù, ẹ̀sín kì í pa mẹkáníìkì. Ohun tó ń dùn ún ni pé Ìyá Ìbejì kì í tọrọ nǹkan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ohun kan ṣoṣo tó wá bẹ̀ ẹ́ sí nìyí, ó sì jẹ́ inú iṣẹ́ tí ó yàn láàyò, síbẹ̀ ọwọ́ rẹ̀ ò tó o.

Ní Ọjọ́rú, òjò rọ̀ ṣíkíṣíkí. Ẹ̀gbọ́n Gbọingbọin obìnrin, tí tọmọdé tàgbà ń pè ní Àǹtí, ti wá kí wọn láti òwúrọ̀. Obìnrin tó sanra dáadáa ni, ó mọ̀ pé òun sanra, kò sì bẹ ẹnikẹ́ni. Nígbà tó fẹ́ máa lọ, Ìyá Ìbejì ní òun á fi ọkọ̀ àwọ̀ ojú ọ̀run gbé e délé. Sìmẹ́ńtì àgbàlá wọn ń yọ̀ nínú òjò. Ìyá Ìbejì tẹ ọkọ̀, táyà yí lófo. Ó tún tẹ̀ ẹ́, ó tún yí lófo. Gbọingbọin bọ́ sínú òjò, ó fi èjìká ti búùtù, ó ń mí hẹlẹ, ọkọ̀ ò gbọ́.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣílẹ̀kùn fún mi," Àǹtí ní. "Ẹ ti ọkọ̀ yín bó bá ṣe wù yín. Èmi ò ní dúró kí òjò pa mí."

Ó wọlé sí ìjókòó ẹ̀yìn. Ìdí ọkọ̀ rọra lọ sílẹ̀. Ìyá Ìbejì fọwọ́ kan jíà, ó fẹsẹ̀ kan epo, ọkọ̀ gbéra fẹ̀ẹ̀, kò yọ̀, kò fì. Gbọingbọin tó fi gbogbo ara lé búùtù ò rí nǹkan fara tì mọ́, ó nà gbalaja sínú omi.

Àǹtí yọjú lójú fèrèsé. "Kí ló dé tó o dọ̀bálẹ̀? Mi ò tíì lọ o."

Gbọingbọin ò dìde. Ó dùbúlẹ̀ síbẹ̀, àgbọ̀n rẹ̀ wà nínú omi, ó ń wo ibi tí táyà ti kúrò.

"Ẹ̀yìn ló fẹ́ ẹrù," ó wí.

"Ṣé Àǹtí ni kí n máa gbé sáré ni?" Ìyá Ìbejì ń rẹ́rìn-ín.

"Èmi ò kọ̀ o," Àǹtí dáhùn, "ẹ ṣáà ra ìrọ̀rí sí i fún mi."

Gbọingbọin dìde, ó ń kán tótó. "Ọkọ̀ fúnra ẹ̀ ló ń gbé ẹrù yẹn. Tó bá fẹ́ fò, imú ẹ̀ á gbéra, gbogbo wíwúwo ẹ̀ á sì lọ sẹ́yìn, á tẹ táyà mọ́lẹ̀. Láti ọjọ́ tí mo ti ń kọ́ṣẹ́ ni mo ti mọ̀ ọ́n. Èmi ni mi ò jẹ́ kó gbé imú. Mo ti dè é."

"Ìwọ náà kúkú máa ń de nǹkan láti kékeré," ni Àǹtí wí. "Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko. Ó yá, ẹ gbé mi lọ sílé."

Ní Ọjọ́bọ̀, Gbọingbọin ti ṣọ́ọ̀bù, ó lọ sọ́dọ̀ onítáyà. Ó ní kí ó kó táyà eré wá. Èyí àkọ́kọ́ fẹ̀, ó sì le, irú èyí tó ti fi ojú rẹ̀ rí màbo ni. Èyí kejì dán bọ̀rọ́, kò ní ìlà kan lára, ṣùgbọ́n ọkọ̀ tó bá wọ̀ ọ́ ò ṣeé gbé gba títì lọ sí pápá. Ìkẹta rọ̀, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ga, ìlà díẹ̀ ló wà lórí rẹ̀. Gbọingbọin fi àtàǹpàkò tẹ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó rí i pé ó ń tẹ̀.

"Táyà yìí ń tẹ̀!"

"Ohun tí wọ́n ṣe é fún nìyẹn," onítáyà ní. "Tó bá tẹ̀ ló máa di ilẹ̀ mú. Ṣé ẹ fẹ́ẹ abí ẹ ò fẹ́ẹ?"

Ó rà á. Ó dé ilé, ó gbé jáàkì, ó tú irin tó fi de ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì. Ó yọ sípíríǹgì líle, ó sì fa méjì tó rọ̀ jáde lábẹ́ pẹpẹ, èyí tó ti yọ lára ọkọ̀ ẹnìkan tó sì ti bú dáadáa nígbà náà. Ó dẹ ṣọ́kì iwájú kí imú lè tètè gbéra. Ti ẹ̀yìn, kò jẹ́ kó rọ̀ jù, kí ìdí ọkọ̀ má baà wolẹ̀ kó tún ta padà sókè. Bí ó ti ń fi sípánà tú wọn ni ó ń mí kanlẹ̀, bí ẹni tó ń fá irun orí ara rẹ̀.

Nígbà tó parí, ọwọ́ ò gbàgbé iṣẹ́ rẹ̀: ó bu omi kún ife, ó gbé e lé bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó ti imú ọkọ̀ mọ́lẹ̀. Ọkọ̀ náà jó sókè, ó jó sódò, ó tún jó. Omi dà sí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó dà sí bàtà rẹ̀, ó kù díẹ̀ nísàlẹ̀ ife. Gbọingbọin dúró, ó ń wo omi yẹn pẹ́. Lẹ́yìn náà ó gbé ife tí ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fi mu nǹkan, ó gbé e sẹ́nu, ó mu èyí tó kù.

Ìyá Ìbejì wà lójú fèrèsé ilé ìdáná. Ó ń wò ó.

Ní ọjọ́ Ẹtì, lẹ́yìn tí Ìyá Ìbejì gbé bọ́ọ̀sì ilé-ìwé padà, àwọn méjèèjì lọ sí pápá. Gbọingbọin fi ẹfun ìkọ̀wé fa ìlà kọjá orí táyà ẹ̀yìn kọ̀ọ̀kan, Ìyá Ìbejì gbéra díẹ̀, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ wò ó. Àárín nìkan ni ẹfun ti parẹ́, bí ìbú ìka méjì, ó kù rekete ní etí méjèèjì. A jẹ́ pé afẹ́fẹ́ pọ̀ jù, táyà wú láàárín, ibẹ̀ nìkan ló sì fi ń tẹ ilẹ̀. Ojú ti Gbọingbọin. Gbogbo ìbú tó fi ń yangàn, ìka méjì péré ló ń ṣiṣẹ́!

Ó tú afẹ́fẹ́ díẹ̀ sílẹ̀, ó tún fa ìlà. Ó tún tú u. Lẹ́ẹ̀kan ó tú u jù, ẹfun parẹ́ létí, ó kù láàárín, ó ní láti fẹ́ díẹ̀ padà. Nígbà tó yá, ẹfun parẹ́ láti etí dé etí.

"Ọ̀nà kan ò wọ ọjà," ló wí, ó sì nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ṣòkòtò.

Sátidé dé. Oorun ò kan Gbọingbọin lójú láti ìjelòó, nítorí lójú tirẹ̀, Onígíláàsì ti na ọwọ́ láti gba kọ́kọ́rọ́. Gbọingbọin àti Àǹtí dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà pápá. Wọ́n da omi sílẹ̀ lẹ́yìn ìlà tí eré ti ń bẹ̀rẹ̀, Ìyá Ìbejì mọ̀ọ́mọ̀ yí táyà nínú rẹ̀ kó lè gbóná, nítorí táyà gbígbóná ló ń lẹ̀ mọ́ ilẹ̀. Ó wá rọra sún mọ́ ìlà. Oníbúrẹ́dì ń juwọ́ sí i láti inú ọkọ̀ pupa.

Iná yí.

Gbọingbọin rí i tí imú ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbéra. Ohun tó ti fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ lé jáde lára ọkọ̀ àwọn ènìyàn ló ń wò yìí, níwájú gbogbo ayé, láti ọwọ́ ara rẹ̀. Kò lè wò ó. Ó dijú pinpin.

Kò gbọ́ kí táyà han. Ẹ́ńjìnnì nìkan ló ń bú, ariwo rẹ̀ sì ń jìnnà lọ. Lẹ́yìn náà Àǹtí gbá a lẹ́yìn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tún dọ̀bálẹ̀.

"Ó ti nà án! Ìyàwó wa ti na Oníbúrẹ́dì! Ìwọ, kí lò ń dijú sí?"

Oníbúrẹ́dì ló kọ́kọ́ padà dé. Ó bọ́ sílẹ̀, ó di Gbọingbọin lọ́wọ́ mú. "Bàbá Ìbejì, mo rò pé búrẹ́dì tèmi nìkan ló máa ń wú. Ọkọ̀ yín wú sókè lójú mi!"

Ìyá Ìbejì dé tẹ̀rín-tẹ̀rín, ojú rẹ̀ ń dán bíi ti ọmọdé. "Ṣé ẹ rí i?"

"Mo dijú."

Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Gbọingbọin dúró tì í, ó ń yí fìlà rẹ̀ po lọ́wọ́. Ó wá bi í léèrè, wọ́ọ́rọ́wọ́: "Ọ̀rọ̀ Onígíláàsì ńkọ́?"

"Mo ti pè é tipẹ́ pé kó má yọ ara ẹ̀ lẹ́nu mọ́."

"Tipẹ́ báwo? Ìsinsìnyí lo ṣẹ̀ṣẹ̀ sáré tán."

"Ní Ọjọ́bọ̀ ni," Ìyá Ìbejì dáhùn. "Ìgbà tí mo rí yín tí ẹ mu omi inú ife yẹn."