Àsíá Tí Kò Ní Omi Nínú

Ó ku ọdún kan kí àrùn kòrónà dé, nígbà tí ènìyàn ṣì lè wúkọ́ láàárín ọjà kí wọ́n má sá fún un, ni a gbé àsíá Nàìjíríà wọ inú ọ̀sà ní Ìjẹ̀dẹ́. Mo ń kọ ọ́ sílẹ̀ fún ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ máa ń sọ fún mi pé àwa àgbà kò jà fún ohunkóhun rí. A jà o. Ẹ̀rín ló kàn pọ̀ nínú rẹ̀.

Ilé-iṣẹ́ kan tí n kò ní dárúkọ ló gbé ẹ̀rọ tí ń fa iyanrìn wá sí ojú ibi tí àwọn ará wa ti ń pẹja. Ariwo rẹ̀ kò dáwọ́ dúró. Omi di ẹrẹ̀, ẹja sì kó lọ. Ìyá Kúdí, tí ẹja yíyan rẹ̀ lókìkí dé ọjà Ìkòròdú, mú mi lọ wo ààrò rẹ̀: adìẹ ti yé sínú rẹ̀.

"Tíṣà, ẹyin ni mo ń tà báyìí," ó ní. Kò rẹ́rìn-ín. Nínú àwọn ọmọ rẹ̀ méjì tó ń pẹja, ọ̀kan ti lọ ń tún fóònù ṣe ní Agric, nínú Ìkòròdú, èkejì sì ti ń wá ẹni tó máa ra ọkọ̀ rẹ̀. Bí ọkọ̀ yẹn bá lọ, ààrò yẹn di ti adìẹ títí láé nìyẹn.

Èmi ní tèmi, mo ti ṣe akọ̀wé ẹgbẹ́ olùkọ́ kí n tó fẹ̀yìn tì, ojú mi sì ti rí ìdaṣẹ́sílẹ̀. Ohun kan tí mo gbàgbọ́ ni pé ó ṣòro fún ọlọ́pàá láti lu ẹni tó gbé àsíá orílẹ̀-èdè rẹ̀ dání. Mo ní kí télọ̀ rán àsíá fún ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan, kí a jọ wà á lọ bá àwọn ẹlẹ́yanrìn. Mo wá pe ìpàdé sí abẹ́ àtíbàbà tó wà létí omi, nítorí kò yẹ kí ènìyàn gbé ohun tí kò mọ ìtumọ̀ rẹ̀.

"Akẹ́kọ̀ọ́ kan, ọmọ Yorùbá, tó ń kàwé ní Lọ́ńdọ̀nù ló ya àwòrán rẹ̀," mo ní. "Òmìnira ti kù sí dẹ̀dẹ̀ nígbà náà. Wọ́n ní kí ẹni tó bá lè yà á fi tirẹ̀ ránṣẹ́, ti akẹ́kọ̀ọ́ náà ni wọ́n sì mú. Lọ́jọ́ òmìnira, wọ́n sọ ti Gẹ̀ẹ́sì kalẹ̀, wọ́n fa tiwa sókè. Funfun yìí dúró fún àlàáfíà. Àwọ̀ ewé dúró fún ilẹ̀ wa àti iṣẹ́ oko."

Bàbá Gàníyù, olórí àwọn apẹja, nawọ́ sókè. "Àwọ̀ ewé ti apá ọ̀tún ńkọ́?"

"Oko ni, Bàbá."

"Ti apá òsì?"

"Oko náà ni, sà."

"Wọ́n dárúkọ àgbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Apẹja dà?"

Kí n lè yí ọ̀rọ̀ padà, mo sọ fún wọn pé nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ náà kọ́kọ́ yà á, oòrùn pupa kan wà láàárín funfun yẹn, àwọn adájọ́ ló yọ ọ́. Mo rò pé ìyẹn yóò tù wọ́n lójú.

"Wọ́n yọ oòrùn?" Ìyá Kúdí bi mí. "Ẹ ò fi omi sí i, ẹ tún yọ oòrùn tí a fi ń sá ẹja. Kí lẹ wá fẹ́ ká jẹ, Tíṣà?" Ó ń wò mí bí ẹni pé èmi náà wà lára àwọn adájọ́.

Wọ́n ní kí télọ̀ rán búlúù, àwọ̀ omi, mọ́ ìsàlẹ̀ àsíá. Mo fárígá pé òfin kò gba ẹnikẹ́ni láàyè láti fọwọ́ kan àsíá bó ṣe wù ú. A fà á títí tí oòrùn tí wọ́n yọ yẹn fi ń wọ̀. Níkẹyìn, Ìyá Kúdí ya ògbólógbòó ìró rẹ̀ kan tó ní àwọ̀ búlúù, a sì so ó mọ́ ọ̀pá lábẹ́ àsíá, láìjẹ́ kí ó kàn án. Bí mo ṣe gbà nìyẹn.

Lọ́jọ́ tí a jáde, afẹ́fẹ́ le, ọparun tí a fi ṣe ọ̀pá àsíá sì ń wúwo lọ́wọ́. Nígbà tí a dé ìtòsí ẹ̀rọ náà, mo ní kí wọ́n ri ọ̀pá mọ́ ilẹ̀ abẹ́ omi díẹ̀, kí apá wọn lè sinmi, kí n sì lè sọ ọ̀rọ̀ mi. Wọ́n rì wọ́n tẹ̀lé ara wọn, láti etí kan dé èkejì. Mo gbé gbohùngbohùn sẹ́nu. Ọ̀rọ̀ tí mo kọ dára púpọ̀, ariwo ẹ̀rọ kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́ ọ.

Ìgbà náà ni ọkọ̀ tó kó iyanrìn kún fọ́fọ́ ń bọ̀ láti ìdí ẹ̀rọ náà. Ó dé iwájú àsíá wa, ó pa ẹ̀ńjìnnì.

Ẹ̀yin tí ẹ kò gbé etí omi, ẹ jẹ́ kí n là á yé yín. Lórí ọ̀sà wa, apẹja tó bá dẹ àwọ̀n á ri ọ̀pá mọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, á so aṣọ sí i. Ọlọ́kọ̀ tó bá rí aṣọ lórí ọ̀pá kì í gba ibẹ̀ kọjá. Àwọ̀n a máa wé mọ́ abẹ̀bẹ̀ ẹ̀ńjìnnì, ẹni tó bá sì fa àwọ̀n oníṣẹ́ ya kò ní rí ojúure ní èbúté kankan. Ọmọ ọ̀sà ni gbogbo àwọn tó ń wa ọkọ̀ iyanrìn.

"Ẹ̀yin bàbá, ẹ kúuṣẹ́ o," awakọ̀ náà ké sí wa. "Níbo ni àwọ̀n yín parí sí?"

Mo la ẹnu láti ṣàlàyé pé kò sí àwọ̀n. Ìyá Kúdí tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀.

"Ó gùn," Bàbá Gàníyù dá a lóhùn.

Ọkọ̀ kejì dé, ó tò sẹ́yìn. Òmíràn tún dé. Nígbà tí gbogbo ọkọ̀ ti kún, tí kò sí èyí tó ṣófo tí wọ́n lè da iyanrìn sí mọ́, wọ́n pa ẹ̀rọ náà. Gbogbo ibẹ̀ pa rọ́rọ́. A gbọ́ bí omi ṣe ń lu ara ọkọ̀, ohun tí a ò gbọ́ láti ìgbà pípẹ́, inú mi sì dùn débi pé mo gbàgbé ìyókù ọ̀rọ̀ mi. Lónìí, àwọn tó ń sọ pé àwọn ló dá ọgbọ́n ọ̀pá yẹn ti pọ̀ ju àyè tó wà nínú ọkọ̀ wa lọ.

Àwọn ẹlẹ́yanrìn pe ọlọ́pàá. Ọ̀gá wọn di ọ̀pá kan mú láti fà á tu. Mo bá dá orin orílẹ̀-èdè. Gbogbo wa dìde nínú ọkọ̀, ọkọ̀ ń mì. Ọ̀gá náà jọ̀wọ́ ọ̀pá, ó dúró gbọnrangandan. Bí orin ṣe parí, ó tún na ọwọ́, mo sì bẹ̀rẹ̀ ẹsẹ kejì. Ìyá Kúdí kò mọ̀ ọ́n rárá, òun ni ohùn rẹ̀ sì ga jù.

"Bàbá, ìgbà mélòó lẹ fẹ́ kọ ọ́?" ọ̀gá náà bi mí.

"Ó dọwọ́ ẹ̀rọ yẹn, ọ̀gá."

Ó wo àwọn ọmọ tó wà nínú ọkọ̀ wa tí wọ́n ń fi fóònù ya fídíò rẹ̀, ó yíjú sí aṣojú ilé-iṣẹ́ tó bá a wá. "Ẹ lọ bá àwọn èèyàn yìí sọ̀rọ̀. Èmi ò ní bá yín fa àsíá tu."

Wọ́n bá wa sọ̀rọ̀. Kò pẹ́ tí wọ́n fi kó ẹ̀rọ wọn kúrò. Ìyá Kúdí lé adìẹ jáde, èéfín tún padà sí ààrò, ọmọ rẹ̀ kò sì ta ọkọ̀ mọ́. Èyí tó lọ sí Agric kò padà wá sórí omi, ìyá rẹ̀ sì ṣì ń wo ọ̀nà rẹ̀. Ohun tí a jà gbà nìyẹn, àti ohun tí a pàdánù.

Gbèsè wa wà ní Ẹ̀pẹ́. Ibẹ̀ ni wọ́n gbé ẹ̀rọ náà lọ. Àbúrò Ìyá Kúdí tó ń ta ẹja níbẹ̀ pè é lórí fóònù, kò tilẹ̀ kí i: "Kí lẹ lé wá bá wa?" Ojú tì wá. A kó àsíá, ọ̀pá àti búlúù wa sínú ọkọ̀, a wà á lọ bá wọn.

Olórí apẹja wọn wo ẹrù wa títí. "Ẹ ṣeun," ó ní. "Ṣùgbọ́n àwọn ọlọ́kọ̀ iyanrìn ti gbọ́ pé kò sí nǹkan kan lábẹ́ rẹ̀. Wọ́n á gba orí rẹ̀ kọjá."

Bàbá Gàníyù padà sínú ọkọ̀, ó gbé àwọ̀n rẹ̀ jáde, èyí tó tuntun, tí kò jẹ́ kí ọmọ rẹ̀ gan-an fọwọ́ kàn. Ó gbé e kalẹ̀ síwájú ọkùnrin náà.

Ọkùnrin náà fọwọ́ kàn án. "Báwo ló ṣe gùn tó?"

"Ó gùn," Bàbá Gàníyù ní. Lọ́tẹ̀ yìí, òótọ́ ni.